Bel Air 1957 àti Mustang 1966: àkọsílẹ̀ àtúnṣe ọkọ̀ méjì láti orí irin dé orí bíréèkì

Ọdún mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì V8, onísìlíńdà mẹ́jọ, ló wà nínú wọn, kábúrétọ̀ ló ń fún wọn lépo, bátìrì fóltì 12 ni wọ́n ń lò, bíréèkì dúrọ́ọ̀mù ló sì ń dá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró. Ẹni tó bá ń wò wọ́n láti òkèèrè lè rò pé ọ̀nà kan náà la ó gbà tún wọn ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Chevrolet Bel Air ọdún 1957 ní ṣàsí lábẹ́. Bódì jókòó lé e lórí ni, bọ́ọ̀tì àti rọ́bà ló so wọ́n pọ̀. Ford Mustang ọdún 1966 kò ní ṣàsí tirẹ̀ lọ́tọ̀: bódì náà ni ṣàsí. Ibẹ̀ ni ètò iṣẹ́, ètò owó àti ewu iṣẹ́ náà ti ń yàtọ̀. Bel Air gbà kéèyàn gbé bódì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó sì parí ìsàlẹ̀ ná. Mustang kò gbà. Bí irin rẹ̀ ò bá tíì pé, kò sí ohun mìíràn tó yẹ ká fọwọ́ kàn lára rẹ̀.

Bel Air inú àkọsílẹ̀ yìí jẹ́ onílẹ̀kùn méjì tí kò ní òpó láàárín fèrèsé, ẹ́ńjìnnì 283 (íńṣì kúbíìkì ni nọ́ńbà yìí, ìwọ̀n inú sìlíńdà rẹ̀), gíyà Powerglide oníyára méjì. Mustang jẹ́ hardtop, èyí tí òrùlé irin rẹ̀ kì í ká, ẹ́ńjìnnì 289 tí kábúrétọ̀ rẹ̀ ní ẹnu méjì, gíyà C4 oníyára mẹ́ta. Gbogbo bọ́ọ̀tì ara wọn ló jẹ́ oní-íńṣì. Ẹ má fi sípánà onímìlímítà gbìyànjú rẹ̀, orí bọ́ọ̀tì tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kì í pẹ́ yọ́.

Kí a tó ra pátì kankan

Nọ́ńbà ọkọ̀ la kọ́kọ́ ń kà. Ti Bel Air wà lára àwo irin pẹlẹbẹ kan lára òpó tí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà so mọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VC57, V fi hàn pé V8 ló bá ọkọ̀ náà jáde ní ilé iṣẹ́, C sì ni Bel Air. Bí V ò bá sí níwájú, onísìlíńdà mẹ́fà ni wọ́n kọ́ ọ, ohun yòówù tó lè wà nínú rẹ̀ lónìí. B dúró fún 210, A dúró fún 150, àwọn Chevrolet ọdún kan náà tí owó wọn kéré sí ti Bel Air. Ẹni tó fẹ́ náwó gbọ́dọ̀ mọ èyí dájú, nítorí pé ọ̀pọ̀ 210 ni wọ́n ti kan irin dídán Bel Air mọ́ lára, tí wọ́n sì ń tà ní iye Bel Air.

Ti Mustang ni wọ́n tẹ̀ sára irin inú abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lápá òsì, níbi tí fẹ́ńdà ti jókòó. Ẹ wo irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6R07C: 6 ni ọdún 1966; R ni ilé iṣẹ́ San Jose (F ni Dearborn, T ni Metuchen); 07 ni hardtop, 08 ni èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká, 09 ni fastback, èyí tí òrùlé rẹ̀ dagun lọ sẹ́yìn. C ni 289 ẹlẹ́nu méjì tó ní agbára ẹṣin 200, A ni ẹlẹ́nu mẹ́rin tó ní 225, K ni 271, T ni onísìlíńdà mẹ́fà. Ẹ tẹjú mọ́ lẹ́tà tó gbẹ̀yìn yìí. Mustang onísìlíńdà mẹ́fà ní nọ́ọ̀tì mẹ́rin lórí táyà kọ̀ọ̀kan, dúrọ́ọ̀mù íńṣì 9 àti ásùlù ẹ̀yìn tó fúyẹ́. Ti V8 (C àti A) ní nọ́ọ̀tì márùn-ún, dúrọ́ọ̀mù íńṣì 10 àti ásùlù íńṣì 8. Àwọn kan máa ń ju V8 sínú èyí tó jáde pẹ̀lú T láìpààrọ̀ ìyókù. Bíréèkì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ká agbára rẹ̀, ó sì lè pa èèyàn. Ẹ ka nọ́ọ̀tì táyà kí ẹ tó ka owó.

Bel Air: gbígbé bódì kúrò lórí ṣàsí

Ibi tí Bel Air ti máa ń dípẹtà kò fara sin: ilẹ̀ inú ọkọ̀, ilẹ̀ búùtù, irin ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà iwájú lẹ́yìn táyà, àti òkè iná iwájú níbi tí ẹrẹ̀ tí táyà ń ta sókè ti ń kó jọ tí kò sì rọ́nà jáde. Bí ọ̀dà bá ń wú lókè iná iwájú, ẹ gbà pé irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti lọ.

Kí bódì tó kúrò nílẹ̀, a jó irin onígun mẹ́rin íńṣì kan kọjá ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn méjèèjì, ọ̀kan lóòró, ọ̀kan ní ìdábùú. Bódì tí kò ní òpó láàárín máa ń ṣẹ́ po bí a bá gbé e láìfi nǹkan dè é, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ní padà bọ́ sípò mọ́. A wọn àlàfo tó yí ilẹ̀kùn ká, a sì kọ ọ́ sára gíláàsì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Láàárín bódì àti ṣàsí, ilé iṣẹ́ máa ń fi àwọn awẹ́ irin tín-ín-rín sí abẹ́ rọ́bà níbi tó bá yẹ, kí ìlà ilẹ̀kùn lè gún. Ẹ ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi wáyà so awẹ́ ibì kọ̀ọ̀kan pọ̀, kí ẹ sì kọ ibi tó ti wá sí i. Rọ́bà tuntun la fi pààrọ̀ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n awẹ́ irin gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti jáde. Àìdá wọn padà síbẹ̀ ló fà á tí ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n kùn dáadáa kì í fi í tì.

Ṣàsí ti Bel Air jẹ́ irin oníhò nínú, omi àti iyanrìn sì máa ń jókòó síbẹ̀. A fi hámà kékeré gbá a láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó le máa ń dún gooro, èyí tó ti jẹrà nínú máa ń dún bọ̀ọ̀. Apá ẹ̀yìn, nítòsí ibi tí sípíríńgì ẹ̀yìn so mọ́, ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà a na téèpù láti igun iwájú òsì dé igun ẹ̀yìn ọ̀tún, a tún na án láti ọ̀tún dé òsì. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju 1/8 íńṣì lọ, ṣàsí ti wọ́, ó yẹ kó dé orí ẹ̀rọ ìtọ́ṣàsí kí a tó kùn ún.

Láti ìgbà yìí lọ, iṣẹ́ pín sí méjì. Bódì lè wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń jó irin nígbà tí ṣàsí, bíréèkì, páìpù epo àti ẹ́ńjìnnì ń parí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí owó bá dá dúró láàárín, kò sí èyí tó máa ba èkejì jẹ́.

Mustang: omi, ibi tó ń gbà wọlé, àti ohun tó ń bà jẹ́

Níwájú gíláàsì iwájú Mustang ni àpótí irin kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ wọ inú ọkọ̀. Irin méjì, tòkè tìsàlẹ̀, ni ilé iṣẹ́ fi iná lẹ̀ pọ̀ yíká láìfi àyè sílẹ̀ fún ọwọ́ láti wọlé. Nínú rẹ̀, lápá òsì àti lápá ọ̀tún, ihò afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọrùn irin kékeré tó yẹ kó dí omi lọ́nà kí omi lè ṣàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ jáde. Ewé máa ń já síbẹ̀, ó ń mu omi, ó ń jẹrà mọ́ ẹsẹ̀ ọrùn náà, irin á sì lu. Láti ọjọ́ náà, gbogbo òjò tó bá rọ̀ ló ń bọ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ Mustang máa ń jẹrà láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹni tó bá wo abẹ́ ọkọ̀ nìkan kò ní rí i lásìkò.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le, ó sì yẹ kó ṣáájú ọ̀rọ̀ owó. Ẹ da omi díẹ̀díẹ̀ sí ojú àwọn ihò tó wà níwájú gíláàsì, apá kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹnì kan fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí omi bá ń kán síbi ẹsẹ̀, irin ọrùn ti lu. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé wọ́n ti tún un ṣe, ẹ ki ìka bọ inú ihò náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù: bí ọwọ́ bá kan sílíkóònù tàbí gọ́ọ̀mù, bíbò ni wọ́n bò ó.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí fẹ́ńdà méjèèjì, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti gíláàsì iwájú kúrò. A fi bíìtì tí wọ́n ṣe fún ojú jíjó lu gbogbo àmì róbótóróbótó tó so irin òkè mọ́ tìsàlẹ̀, irin òkè nìkan la sì ń lù já. Bí ọwọ́ bá wúwo tí bíìtì sì kọjá sí irin ìsàlẹ̀, iṣẹ́ di méjì. Nígbà tí irin òkè bá ṣí, ohun tó wà nísàlẹ̀ ni yóò sọ bóyá pátì ọrùn nìkan ni ẹ ó rà tàbí gbogbo irin ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn jíjó, ìpọ́sì púráímà ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ gọ́ọ̀mù ojú irin, lẹ́yìn rẹ̀ omi lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò gbọdọ̀ kán ẹ̀kán kan kí a tó dé orí ọ̀dà.

Ilẹ̀ ọkọ̀ ló tẹ̀ lé e. Níbi yìí gan-an ni Mustang ti yàtọ̀ pátápátá sí Bel Air, torí pé ilẹ̀ yìí ló ń mú iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ pọ̀. Ẹ gbé e lé ìdúró mẹ́rin lábẹ́ irin gbọọrọ iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí ẹ rí i pé ó tẹ́jú, kí ẹ sì jó irin ìdè kọjá ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ má yọ ilẹ̀ òsì àti ti ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà. Parí ọ̀kan kí o tó gé èkejì. Ilẹ̀kùn máa wà lára ọkọ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, kí ẹ lè máa ṣí i, kí ẹ máa tì í, kí ẹ máa wo àlàfo rẹ̀. Èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká léwu ju èyí lọ. Ilé iṣẹ́ fi irin kún inú ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ nítorí pé kò ní òrùlé tó ń ràn án lọ́wọ́, irin yẹn sì gbọ́dọ̀ pé kí ohunkóhun tó kúrò.

Irin geeji 18 la lò, wáyà ẹ̀rọ ìjórin MIG 0.023 íńṣì, ihò 5/16 íńṣì fún ibi tí a ó ti fi jíjó dí i, àti púráímà tó ń gba iná kọjá sí ojú méjèèjì tó máa fẹnu konu. Jó ìwọ̀n íńṣì kan, kúrò níbẹ̀, lọ jó ibòmíràn tó jìnnà, jẹ́ kó tutù kó o tó padà. Ẹni tó bá jó o lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí irin tó ká kò bí ewé gbígbẹ.

Ibi méjì ṣì kù. Abẹ́ bátìrì, lápá ọ̀tún iwájú: ásíìdì máa ń jẹ irin ibẹ̀ títí dé irin gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀. Ekejì ni ilé ṣọ́ọ̀kì. Lórí Mustang, sípíríńgì iwájú jókòó lórí áàmù òkè, torí náà ìwúwo ẹ́ńjìnnì àti gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ń lọ sínú ilé ṣọ́ọ̀kì méjèèjì. Wọ́n máa ń là níbi tí bọ́ọ̀tì áàmù òkè ti wọlé, wọ́n sì máa ń tẹ̀ sínú díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbìyànjú láti fi ọ̀pá gbọọrọ tó ń so òkè ilé ṣọ́ọ̀kì méjèèjì pọ̀ síbẹ̀: bí ihò rẹ̀ ò bá bá bọ́ọ̀tì mu, ilé ṣọ́ọ̀kì ti sún mọ́ra. Kí a tó kùn ún la ń tì í padà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pá yẹn àti irin ẹlẹ́yọ kan tó ń so wọ́n mọ́ ara bódì, tí Ford fi sára àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń kó lọ sókè òkun, dára ju irin tín-ín-rín méjì tí ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà bá jáde.

Fún ọkọ̀ méjèèjì: ilé iṣẹ́ fi òjé yíyọ́ dí ojú ibi tí irin òrùlé pàdé irin ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ. Kí imú wà nínú máàsìkì tó dára, kí ọmọdé má sì sí nítòsí.

Ẹ́ńjìnnì

283 ní ẹnu sìlíńdà 3.875 íńṣì, ìrìn písítìnì 3.00. 289 ní 4.00 àti 2.87. Wọ́n sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé àṣà ọ̀kan sórí èkejì, àṣìṣe sì ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nọ́ńbà sìlíńdà Chevrolet: 1, 3, 5, 7 lápá dẹ́rẹ́bà, 2, 4, 6, 8 lápá kejì, ó ń tanná ní 1-8-4-3-6-5-7-2, dísítíríbútọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó sì ń yí bí ọwọ́ aago. Ti Ford: 1 sí 4 lápá èrò, 5 sí 8 lápá dẹ́rẹ́bà, ó ń tanná ní 1-5-4-2-6-3-7-8, dísítíríbútọ̀ wà níwájú, ó sì ń yí lòdì sí ọwọ́ aago. Ẹ fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára wáyà pọ́lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan.

Tọ́ọ̀pù sìlíńdà Chevrolet kọ̀ọ̀kan ní bọ́ọ̀tì 17, ẹsẹ̀ wọn sì wọ inú omi. Gbogbo wọn la gbọ́dọ̀ fi gọ́ọ̀mù sí lẹ́sẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi yóò gun ojú rẹ̀ wá sókè sínú ọ́ìlì. A dè wọ́n ní ìpele mẹ́ta láti àárín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí dé 65 lb-ft (ìwọ̀n agbára tí a fi ń de bọ́ọ̀tì). Ti Ford jẹ́ 10 péré: 50 lákọ̀ọ́kọ́, 60 lẹ́yìn rẹ̀, kó tó dé 65 sí 72.

Pọ́ǹpù omi Chevrolet so mọ́ búlọ́ọ̀kù tààrà. Ti Ford gba inú ìdérí ṣéènì táímìnì kọjá, alumíníọ̀mù sì ni ìdérí náà. Bí wọ́n bá ti lo omi lásán fún ọdún púpọ̀, ojú ibi tí omi ń gbà máa ń jẹ, omi á sì wọ inú ọ́ìlì. Èèyàn á máa pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù lásán. Ẹ yẹ ìdérí yẹn wò kí ẹ tó dá tọ́ọ̀pù lẹ́bi. Bọ́ọ̀tì rẹ̀ máa ń já, torí náà ẹ fi iná mú un gbóná díẹ̀, kí ẹ fi ọ́ìlì tó ń wọnú sí i, kí ẹ sì máa yí i síwá sẹ́yìn.

Fún Bel Air, ìdúró ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. V8 ọdún 1955 sí 1957 so mọ́ ṣàsí níwájú búlọ́ọ̀kù àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kúlọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá fẹ́ gíyà ìgbà tó tẹ̀ lé e, tí kò ní ibi ìdúró ẹ̀gbẹ́ yẹn, ẹ nílò ìdúró ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù, tí búlọ́ọ̀kù ọdún 1957 kò sì ní ihò rẹ̀. Ráídétọ̀ V8 náà wà lẹ́yìn irin tó gbé e ró. Ti onísìlíńdà mẹ́fà wà níwájú irin náà. Gbígbé e lọ síwájú máa ń fi àyè sílẹ̀ fún pọ́ǹpù omi gígùn. Ṣàsí tó dá dúró yìí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ Chevrolet ọdún 1950 sí 1959 ṣì máa ṣe takisí ní Havana, olú ìlú Cuba, tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sì wà nínú púpọ̀ wọn: irin ìdúró tuntun tí wọ́n jó mọ́ ṣàsí ti tó. Ti Mustang kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀: ó jáde ní April 1964, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ti fòfin de káràkátà pẹ̀lú Cuba.

Kí ẹ́ńjìnnì tó kọ́kọ́ tanná, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ ti dé ibi gbogbo. Ẹ yọ dísítíríbútọ̀, kí ẹ fi dírílì yí pọ́ǹpù ọ́ìlì títí géèjì yóò fi gbé sókè tí ọ́ìlì yóò sì yọ lókè fáàfù. Chevrolet ń fẹ́ irin dísítíríbútọ̀ àtijọ́ tí ilé rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, nítorí ilé yẹn ló ń dí ọ̀nà ọ́ìlì kan. Dírílì á yí bí ọwọ́ aago. Ford ń fẹ́ ọ̀pá onígun mẹ́fà 1/4 íńṣì, dírílì á yí lòdì sí i. Ẹ rí i pé rínǹgì kékeré tó wà lára ọ̀pá pọ́ǹpù Ford wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ọ̀pá náà lè tẹ̀ lé dísítíríbútọ̀ jáde ní ọjọ́ mìíràn kó sì já sínú pánù ọ́ìlì.

Káàmù tuntun (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù) nínú méjèèjì ń fẹ́ ọ́ìlì tí síńkì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí iná bá ti mú, ẹ gbé e lọ sí 2,000 sí 2,500 yíyí ní ìṣẹ́jú kan, kó wà níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ má jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́. Ní yíyí kékeré, ọ́ìlì tí kúráńkì ń fọ́n sókè kò tó, ojú káàmù á sì fá. Ìjókòó fáàfù tó ń tú èéfín jáde náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irin líle, nítorí epo olójèé ni wọ́n kọ́ àwọn ẹ́ńjìnnì yìí fún, Amẹ́ríkà sì ti fòfin dè é fún ọkọ̀ ojú pópó láti 1 January 1996. Ọ́ìlì Chevrolet jẹ́ kúọ́ọ̀tì 4, tàbí 5 pẹ̀lú fílítà. Iye kan náà ni ti Ford.

Epo, iná, irin dídán

Ẹnu táǹkì Bel Air fara pamọ́ sínú irin dídán ìrù òsì. Ti Mustang ń fẹ́ àkíyèsí jù: òkè táǹkì náà ni ilẹ̀ búùtù, torí náà bí gọ́ọ̀mù etí rẹ̀ bá ti gbẹ, òórùn epo á wọ inú ọkọ̀. Táǹkì gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá kí iná jíjó tó dé ẹ̀yìn Mustang. Gbogbo rọ́bà epo ló ń di tuntun, èyí tí wọ́n kọ 30R9 sí lára, nítorí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú epo òde òní máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́.

Bel Air ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, Mustang ń lo ọ́tánétọ̀ (alternator). Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tú wáyà Bel Air, kí ẹ́ńjìnnì tó tanná, ẹ fi wáyà kan ibi tí wọ́n kọ BAT sí mọ́ ibi tí wọ́n kọ GEN sí lára rẹgulétọ̀ (ohun tó ń ṣàkóso iná jẹnẹrétọ̀) ní ìṣẹ́jú àáyá kan kó ta iná, kí ẹ sì gbé e kúrò. Ẹ má ṣe irú rẹ̀ rí fún ọ́tánétọ̀ Mustang, kíákíá ló máa jó. Bí iná iwájú Bel Air bá ń ṣókùnkùn nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, kì í ṣe àìsàn. Jẹnẹrétọ̀ kì í pèsè púpọ̀ ní yíyí kékeré.

Irin dídán ni owó Bel Air ń lọ sí. Alumíníọ̀mù onílà tó wà lára ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn kò ṣeé tẹ̀ tọ́ dáadáa bó bá ti ká, rírà ló kù. Ti Mustang kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bíréèkì

Másítà kan ṣoṣo, ọ̀nà kan ṣoṣo, ló ń gbé ọ́ìlì bíréèkì lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ọkọ̀ méjèèjì. Bí páìpù kan bá bẹ́, gbogbo bíréèkì lọ. A kò fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mustang rọrùn: másítà ọlọ́nà méjì ti ọdún 1967, irú ti dúrọ́ọ̀mù, ń bọ́ sí ojú ihò kan náà, páìpù la kàn ń tún fà. Bel Air ń fẹ́ awẹ́ irin ìsopọ̀ láàárín másítà tuntun àti ara bódì, kí ẹ sì yẹ gígùn ọ̀pá ẹsẹ̀ bíréèkì wò: bó bá gùn jù, másítà kò ní padà tán, bíréèkì á sì máa mú fúnra rẹ̀. Ẹ fa afẹ́fẹ́ jáde láti ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Ẹ fi omi fọ eruku bíréèkì àtijọ́, ẹ má fẹ́ ẹ.

Béárìn iwájú Bel Air jẹ́ oníbọ́ọ̀lù. A fi onírólà tó tẹ́ẹ́rẹ́ sápá kan pààrọ̀ rẹ̀. Ti Mustang jẹ́ onírólà láti ilé iṣẹ́: ẹ máa yí dúrọ́ọ̀mù bí ẹ ti ń de nọ́ọ̀tì dé 17 sí 25 lb-ft, ẹ tú u ní ìlàjì yíyí, kí ẹ sì fi ìka dè é padà kí pínnì tó wọlé.

Títọ́ táyà ló kẹ́yìn. Awẹ́ irin tín-ín-rín lẹ́yìn áàmù òkè ni wọ́n fi ń tọ́ ọ lórí méjèèjì. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ẹ tún de bọ́ọ̀tì bódì Bel Air, torí rọ́bà tuntun máa ń jókòó. Fún Mustang, bọ́ọ̀tì áàmù òkè àti ti ọ̀pá ilé ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ tún dè, kí ẹ sì wọn àlàfo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́n ọ̀dà sí i.